Ohùn Tí A Fi Tọrọ Ìbò

Bí ẹ bá kí mi ní ìgboro Ìkọ̀lé tí mo kàn mi orí sí yín tí mo rẹ́rìn-ín, ẹ má rò pé ìgbéraga ni. Ohùn ni kò sí. Èyí tó ṣẹ́ kù lọ́fun mi kò ju ohùn ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ ọwọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí mo bá sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ọjà, ẹni tó ń la pákó ní òdìkejì ìlú á dá ẹ̀rọ dúró kó lè gbọ́ mi. Akéde ìbò ni mí. Tàbí kí n sọ pé mo ti jẹ́ akéde ìbò rí, nítorí mo ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ Kọ́lá, o fẹ̀yìn tì? Ẹ̀yìn wo lo ní tí o fi tì?" Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan tó háyà yàrá nínú ilé wa, tó ń lọ sí yunifásítì, ló bi mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Bùọ̀dá Kọ́lá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe kí ẹ tó gba oko lọ?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ohùn mi kò gbé mi dé ìdajì. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Mo ní ìwé mi kò jìnnà, sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti já a jù sílẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Òun nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wo iṣẹ́ tí ẹ óò yàn, ẹ sún mọ́bí.

Gáréèjì ni ọ̀gá mi ti rí mi. Mo máa ń pe èrò sí mọ́tò tó ń lọ Ìdó. "Ìdó! Ìdó! Ó ku ẹnì kan! Ẹnì kan péré!" Bàbá kan tó fi fìlà bo etí wá dúró síwájú mi, ó yọjú wo inú mọ́tò náà, ó sì yí ojú padà sí mi.

"Ọmọ, ẹni mẹ́ta ló kù."

"Bàbá, ẹ wọlé kó lè ku méjì."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohùn ẹ dára. Ẹnu ẹ ni kò dára. Bó o bá fẹ́ kí n bá ẹ tún un ṣe, mo ń gbé lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́."

Bàbá Ògúndàárè nìyẹn, tí gbogbo Ìkọ̀lé mọ̀ sí Bàbá Akéde. Bí ìbò bá ń bọ̀, òun ló máa ń wà nínú mọ́tò tí wọ́n so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ lórí, tí yóò máa lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, tí yóò máa sọ orúkọ ẹni tó ń du ipò, àmì ẹgbẹ́ rẹ̀, àti ohun tó ní òun fẹ́ ṣe. Bí kò bá sí ìbò, á kéde ìsìnkú, á kéde ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, á kéde abẹ́rẹ́ àjẹsára, á kéde ewúrẹ́ tó sọnù. Ẹgbẹ́ yòówù kó háyà rẹ̀, á ṣe é. Owó tó ń wọlé níbẹ̀ kò pọ̀, kò sì burú. N kò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Mo rò pé lọ́jọ́ tí mo bá dé ni yóò gbé máìkì lé mi lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ru bátìrì. Bàbá á mú mi lọ sí oko kòkó rẹ̀, á ní kí n dúró ní ìpẹ̀kun kan, kí òun máa ro oko ní ìpẹ̀kun kejì, kí n sì pe orúkọ ẹnì kan sí òun. Bí mo bá pè, á ké padà pé, "N kò gbọ́!" Mo pariwo. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó rìn wá bá mi.

"Ṣé ilé ń jó ni?"

"Ẹ ní ẹ ò gbọ́, Bàbá."

"Kí àgbẹ̀ gbọ́ ẹ láì gbé orí sókè. Bó bá gbé orí sókè, o ti pariwo nìyẹn, á ti máa wá ibi tó máa sá sí. Ohùn tó ń tọrọ nǹkan kì í dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ fún un."

Èyí wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí nínú. Ẹ ó rí i níwájú.

Bàbá le. Kò gbà kí n mu omi tútù kí a tó jáde. Orógbó ni kí n máa jẹ, kíkorò kíkorò. Kò gbà kí n bú ẹni tó ń bá oníbàárà wa du ipò. Ó ní, "Ẹni tí ò ń bú lónìí, òun ni yóò háyà ẹ nígbà tó ń bọ̀, á sì rántí." Bí a bá dé iwájú ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀, á pa ẹ̀rọ, á bọ́ sílẹ̀, á wọlé lọ kí wọn, a óò sì ti mọ́tò náà kọjá ní ìdákẹ́jẹ́ títí tí a óò fi kọjá ilé kejì. Nígbà kan, ọ̀gá kan láti Èkó tó háyà wa wà nínú mọ́tò náà pẹ̀lú wa. Ó ní, "Bàbá, àkókò ń lọ o!" Bàbá ní, "Àkókò ti lọ mọ́ ẹni tó kú yẹn lọ́wọ́, Ọ̀nọ́rébù. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ká jọ kí wọn." Ó bọ́ọ́lẹ̀. Ìbò tó rí nínú ilé yẹn, mo gbà pé ìkíni yẹn ló fún un.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ohun tí ó máa ń ṣe lẹ́yìn ìbò. Ìbò àkọ́kọ́ tí mo bá a ṣe, ẹni wa fìdí rẹmi. Ó ti wọ mọ́tò padà sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo jókòó sílé, mo ń káàánú ara mi. Bàbá wá kan ilẹ̀kùn.

"Dìde, ká lọ."

"Ibo, Bàbá?"

"A ń lọ kí wọn."

"Ṣebí a fìdí rẹmi?"

"Ta ló fìdí rẹmi? Ọ̀nọ́rébù ni. Ìwọ ńkọ́? O bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jáde. Ṣé wọn ò jáde ni?"

Kò sí mọ́tò, kò sí ẹ̀rọ. Ó gbé páànù kan tí wọ́n ká bí àrọ tí a fi ń rọ epo, tó ti pọ́n bí ilẹ̀pa, ó fi sẹ́nu. Láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. "Ẹ̀yin ará ilé yìí, a bẹ̀ yín pé kí ẹ jáde, ẹ sì jáde. Ẹni tó dìbò fún wa, ẹ ṣeun. Ẹni tí kò dìbò fún wa, ẹ ṣeun. Oòrùn kan náà ló pa yín." Lẹ́yìn Ìkọ̀lé, a gun ọ̀kadà lọ sí Ìpáò. Lẹ́yìn Ìpáò, a dé Àsin. Kò sí ẹni tó san kọ́bọ̀ fún un. Ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Lójú ọ̀nà ni mo bi í pé, "Bàbá, ta ló kọ́ yín ní èyí?"

Ó ní, "Àga Ìlú ló kọ́ mi." Kò fi kún un.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nìyẹn. Ìwádìí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Bí a bá ti ń yí ìlú ká, tí awakọ̀ dúró bu omi sí mọ́tò, èmi á ti wọ ilé àgbàlagbà kan lọ. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé láyé ìgbà tí ilé ìgbìmọ̀ wà n'Íbàdàn, ìlú Ìkọ̀lé dá ní ìjókòó kan tirẹ̀ níbẹ̀. Inú ìlú nìkan ni ìbò rẹ̀ ti ń wá. Ìpáò kò sí níbẹ̀, Àsin kò sí níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n da ìbò tiwọn mọ́. Ìjókòó yẹn ni àwọn ará ìlú ń pè ní Àga Ìlú. Kò sí i mọ́ lónìí. Wọ́n ti da ìlú àti abúlé pọ̀, ẹnì kan ló ń ṣojú gbogbo wa.

Ta ló wá jókòó lórí àga náà? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ariwo. Bàbá kan tó jẹ́ télọ̀ rí ní, "Tíṣà ni. Òun ló kọ́ mi ní ìwé." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta ayò ní, "Irọ́! Baba Oníkòkó ni. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo wa ń ta kòkó sí. Ṣé ìwọ wà ní Ìkọ̀lé nígbà náà ni?"

"Ibo ni ǹ bá tún wà bí kì í bá ṣe Ìkọ̀lé? Ìwọ lo sá lọ Gánà!"

"Mo sá lọ Gánà, mo sì padà wá fẹ́ ẹni tí ò ń dọdẹ ẹ̀."

Mo bi wọ́n pé ìbò mélòó ni ẹni tó wọlé fi ju ẹnì kejì lọ. Àwọn méjèèjì wò mí bí ẹni tó béèrè iye ewé tó wà lórí igi. Télọ̀ ní, "Ta ló rántí ìyẹn? Ohun tí mo rántí ni pé Oníkòkó wá sẹ́nu ọ̀nà bàbá mi lẹ́yìn ìbò kan tó ti fìdí rẹmi. Bàbá mi tí kò dìbò fún un bu omi fún un mu."

Mo bi ẹlòmíràn, mo tún bi ẹlòmíràn. Bákan náà ni. Kò sẹ́ni tó rántí iye. Ẹni tó wá kí wọn ni gbogbo wọn rántí. Kí ló mú kí ẹni tó fìdí rẹmi máa wá dúpẹ́? Bí mo bá bi Bàbá Akéde, á ní, "Jẹ́ kó dàgbà nínú ẹ ná."

Nígbà tí mo ń ronú lórí èyí, iṣẹ́ náà ń yípadà. Bàbá fi páànù bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín. Lẹ́yìn náà ni èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká tó ń lo bátìrì tọ́ọ̀ṣì dé, ó ní ó máa ń dà bíi pé ènìyàn ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Lẹ́yìn ìyẹn ni hóònù ńlá orí mọ́tò tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé. Ní ìgbà tèmi, káàdì kékeré kan tí kò tó èékánná dé. Ẹ ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kó o sínú káàdì, awakọ̀ nìkan á sì máa gbé e kiri. Mo yọ̀ nígbà tó dé. Mo ní mo ti ríbi sinmi. Ní ọjọ́ kan mo dúró níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń bọ̀ lọ́nà, dídùn dídùn. Iwájú ilé olókùú ni mọ́tò náà gbà. Kò dúró. Ohùn mi kọjá lórí àwọn tó ń sunkún, ó ń ṣèlérí ọ̀nà ọ̀dà. Ìyá ẹlẹ́wà wò mí, ó wo mọ́tò. Ó kàn dín ẹ̀wà mi kù ni.

Orúnkún Bàbá kọ̀ ọ́ níṣẹ́ lẹ́yìn náà, ó sì fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Ìbò àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe, ẹni tó háyà mi ń fi àkàbà ṣe àmì. Mo ṣiṣẹ́ yẹn bí ẹni pé bàbá mi ló ń du ipò. Ní Àsin, òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ nígbà tí a dé, síbẹ̀ àwọn ènìyàn jáde. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Yèyé Bọ́sẹ̀, òun ni olórí àwọn obìnrin ibẹ̀. Ó gúnyán fún èmi àti Rájí awakọ̀ wa. Bí a ti ń fọwọ́, ó ní, "A gbọ́ ohùn rẹ kí ubò tó dé. Ṣé a ó gbọ́ ọ lẹ́yìn ubò?"

Mo ní, "Yèyé, ẹ ó gbọ́ mi lẹ́yìn ìbò."

"Bàbá Akéde kì í fi wá sílẹ̀. Nígbà tí ulú ní àga tirẹ̀, wọn ò mọ̀ pé a wà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá dúpẹ́ níbí la mọ̀ pé wọ́n ti kà wá mọ́ wọn lóòótọ́."

Ẹni tó ń fi àkàbà ṣe àmì fìdí rẹmi. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Mo yí Ìkọ̀lé ká ní ọjọ́ kejì, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, epo wọ́n, ìtìjú ìfìdírẹmi sì wà lójú mi. Mo sọ fún ara mi pé Ìpáò àti Àsin á yé wọn. Nígbà tí Bàbá bi mí, mo ní, "A ti kí wọn, Bàbá." Ó ní, "O ṣeun, ọmọ." Títí di òní, "O ṣeun" yẹn ṣì ń dùn mí.

Ìbò mìíràn dé. Ẹlòmíràn ló háyà mi. Èmi àti Rájí dé Àsin ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ní Ìpáò, àwọn ènìyàn kàn gbọ́ wa láì dáhùn, mo sì rò pé iṣẹ́ oko ló rẹ̀ wọ́n. Ní Àsin, bí mo ti tan ẹ̀rọ, Yèyé Bọ́sẹ̀ gbé odó rẹ̀ jáde síwájú ilé. Obìnrin ilé kejì gbé tirẹ̀ jáde. Ilé kẹta náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Gbì! Gbì! Gbì!

Inú mi dùn. Mo sọ ọ́ nínú máìkì, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gún un kó kúnná o! A ti dé!"

Rájí ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ pa ikùn. Lẹ́yìn náà ó na ìka síwájú. Ó ní, "Kọ́lá, wo inú odó."

Mo wò ó. Kò sí iṣu níbẹ̀. Odó òfìfo ni gbogbo wọn ń gún. Ọmọ orí odó ń lu igi lásán, ojú àwọn obìnrin náà kò sì kúrò lára mi. Kò sẹ́ni tó bú mi. Kò sẹ́ni tó sọ òkò. Bí mo bá la ẹnu, wọ́n á gún un. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á dúró.

Mo mọ ohun tí mo ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó gbọ́n á bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, á dọ̀bálẹ̀. Èmi yí ẹ̀rọ sókè. Wọ́n gún un sókè. Mo yí i dé òpin, hóònù náà han gooro, èéfín rú jáde lára rẹ̀, ó sì kú. Rájí ní, "Jẹ́ ká lọ, jọ̀ọ́." Mo ní rárá. Mo gun orí mọ́tò, mo sì fi ọ̀fun lásán pariwo orúkọ ẹni tó háyà mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ Àsin dé òpin rẹ̀, bí ẹni tí ilé ń jó lórí rẹ̀. Odó ń lọ, mo ń lọ. Nígbà tí a óò fi padà dé Ìkọ̀lé, mo tu itọ́, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Mo jẹ orógbó, mo mu oyin, mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ohùn náà kò padà. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lọ sí ọsibítù ńlá n'Ídó. Dókítà obìnrin kan tí kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀ fi iná wo ọ̀fun mi, nọ́ọ̀sì kan ń túmọ̀. Ó bi mí ní ohun tí mo ń fi ohùn mi ṣe. Mo kọ ọ́ sórí ìwé: akéde ìbò. Nọ́ọ̀sì náà bú sẹ́rìn-ín. "Àbí ìwọ lo ń pariwo kiri ládùúgbò wa ní Ìkọ̀lé? Ọmọ mi mọ orin ẹ jù ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ!" Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi tí ohùn ti ń jáde ti ní àpá. Ó ní n óò lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n kí n má pariwo mọ́ láyé mi. Bí iṣẹ́ mi ṣe parí nìyẹn.

Mo lọ bá Bàbá. Ó ti gbọ́. Kí ni kò gbọ́? Ó jókòó síta, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí. Ó ní, "Nígbà àkàbà yẹn, ṣé o kí Àsin?"

Mo mi orí pé rárá.

N kò gbọ́ ìbínú lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ọjọ́ yẹn ló wá sọ ọ̀rọ̀ Àga Ìlú fún mi délẹ̀.

Ó ní ìgbà mẹ́ta ni wọ́n dìbò fún àga náà. Tíṣà ló wọlé lẹ́ẹ̀kíní, nítorí gbogbo ẹni tó ti fún ní ẹgba rí ló ń bẹ̀rù àti dìbò fún ẹlòmíràn. Ó tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n kò yọjú sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Oníkòkó ló fìdí rẹmi nígbà méjèèjì. "Èmi ni akéde rẹ̀ nígbà kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní, 'Ògúndàárè, gbé páànù ẹ.' Mo rò pé a fẹ́ lọ ṣépè fún wọn ni. Ó ní rárá, ó ní àwọn obìnrin dúró lórí ìlà láti àárọ̀ nítorí pé òun ní kí wọ́n wá, òun kò sì lè máa rìn kọjá níwájú ilé wọn bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. A kí gbogbo ìlú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò ṣèlérí ohunkóhun. Ó ní kí n kàn máa sọ pé Oníkòkó tún dé. Ó wọlé wẹ́rẹ́."

"Télọ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jàre nígbà náà, àwọn méjèèjì," mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ó tẹ́ etí sílẹ̀ kó tó gbọ́.

"Wọ́n jàre. A wá bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Ó ku àdúgbò kan ṣoṣo, ẹ̀yìn odò, nígbà tí rédíò sọ pé sójà ti gbàjọba, kí ẹnikẹ́ni má ṣe òṣèlú mọ́. Wọ́n ti ilé ìgbìmọ̀ pa. Àga Ìlú parí síbẹ̀. Oníkòkó kú kí òṣèlú tó padà."

"Ẹ̀yìn odò ńkọ́, Bàbá?"

"Ọdún tí òṣèlú padà, kí n tó kéde fún ẹnikẹ́ni, mo lọ síbẹ̀. Mo kí wọn fún ìbò Àga Ìlú. Àwọn ọmọdé ń fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n ní bàbá yìí ń polongo fún òkú. Ìyá kan jáde. Ó ní, 'Ẹ pẹ́ o.' Mo ní, 'A pẹ́, Ìyá.' Ó gbé àpótí fún mi, mo jókòó." Bàbá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́dọ̀. "Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé bí ìlú bá fẹ̀ sí i, ìkíni náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i."

Síbẹ̀ n kò lọ. Ojú ń tì mí. Mo gba oko kòkó bàbá mi lọ. Ọkùnrin kan ló lé mi jáde níbi tí mo sá pamọ́ sí. Ó wá láìpẹ́ yìí, ó ní ìbò ń bọ̀, ó ní òun ṣì ní ohùn mi nínú káàdì, pé wọn óò kàn gé orúkọ ẹni àtijọ́ kúrò, kí wọ́n fi tuntun sí i. "Bùọ̀dá, ẹ ò ní ṣe wàhálà kankan. Ẹ jókòó sílé ni." Ó tẹ fóònù, mo sì gbọ́ ara mi. Ohùn náà ń dán bí abẹ tuntun. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i tó ń wọ Àsin láìsí mi, tó tún ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jáde. Ta ni yóò padà lọ kí wọn? Káàdì? Mo mi orí. Ó rò pé owó ni mo ń wá. Kò yé e. Mo dá a padà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, kó bi ọ̀gá rẹ̀ pé kí ló kù láti ṣe nínú iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sanwó tán. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ní ọjọ́ kejì mo gun ọ̀kadà lọ sí Àsin. Páànù Bàbá wà lápá mi, ṣùgbọ́n kò wúlò; ohùn tí yóò gbà á kọjá kò sí. Ìrọ̀lẹ́ ni, gbogbo ilé ló ń gúnyán oúnjẹ alẹ́, odó ń dún káàkiri. Mo dúró níwájú Yèyé Bọ́sẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ̀rọ̀. Ó rí i tí ètè mi ń mì. Ó dá ọmọ orí odó dúró.

"Kí lo wí?"

Mo tún un wí. Kò gbọ́. Odó ilé kejì ń dún. Ó yíjú sí wọn, ó kígbe, "Ẹ dúró ná o! Ọmọ kan ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín!" Ilé kejì dúró. Ilé kẹta náà dúró.

Mo ní, "Mo wá dúpẹ́ ìbò."

"Ubò wo? Èyí tó ń bọ̀ kò tíì dé."

"Ti àkàbà."

Ó wò mí dáadáa. Ó mọ̀ mí. "Ta lẹ tọrọ rẹ̀ fún nígbà náà? Ṣé ó wọlé?"

"Kò wọlé, Yèyé."

"Kí lo wá ń dúpẹ́ fún?"

"Ẹ jáde. Mo bẹ̀ yín, òjò fẹ́ rọ̀, ẹ sì jáde. Ẹni tó dìbò fún wa, ẹ ṣeun. Ẹni tí kò dìbò fún wa, ẹ ṣeun."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "O pẹ́."

Mo ní, "Mo pẹ́."

Ó na ọmọ orí odó sí ilé kejì. "Lọ sọ fún wọn. Wọn ò gbọ́ ọ láti ibí."

Mo lọ. Láti ilé dé ilé ni, nítorí ohùn mi kò lè dé ilé méjì lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ti rí mi tí mo ń bọ̀, odó tó wà níwájú á dákẹ́. Bí mo bá ti kí wọn tán tí mo kọjá, èyí tó wà lẹ́yìn á tún bẹ̀rẹ̀, gbì, gbì, iyán sì ń bẹ nínú rẹ̀.